Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ẹ Tó Ra Ríìmù àti Táyà fún Eré Ọkọ̀ ní Calgary

Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán ní Calgary, àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tí kì í fi òpin ọ̀sẹ̀ sùn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ń kó táyà mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n á sì kọrí síbi tí ẹgbẹ́ bíi Calgary Sports Car Club ti ń to kónù kalẹ̀. Autocross ni wọ́n ń pe eré náà ní Amẹ́ríkà. Ní Kánádà níbí, autoslalom ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ẹni tí kò tíì rí i rí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á to kónù sórí ilẹ̀ ọ̀dà tó fẹ̀ tó sì ṣófo, awakọ̀ á dé akoto, á wa ọkọ̀ gba àárín kónù kọjá, aago á sì máa ka àkókò rẹ̀. Eré ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Kónù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbá, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni wọ́n ń fi kún àkókò awakọ̀ náà. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè. Ọdún 2011 ni wọ́n ti pápá Race City pa ní Calgary, ṣùgbọ́n eré oníkónù yìí ò nílò pápá ńlá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ tó ní Civic tàbí Mazda lásán fi lè kópa. Ẹ lè sọ fún dádì àti mọ́mì yín pé eré yìí yàtọ̀ pátápátá sí eré àsápajúdé ojú títì.

Owó ló mú wa kọ ìròyìn yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń ra ríìmù kó tó ka ìwé òfin. Ká ní ọ̀kan nínú yín fi owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ra ríìmù tó fẹ̀, tó dára lójú, tó sì ń dán. Ó dé ibi ìdíje, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ríìmù náà fẹ̀ ju èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i, nítorí náà kò lè bá àwọn kíláàsì stock sáré. Kíláàsì stock ni ti àwọn ọkọ̀ tó ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n. Wọ́n á wá gbé e lọ sí kíláàsì tí àwọn ẹlòmíì ti pààrọ̀ spring, shock àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Ọkọ̀ tirẹ̀ ò ní ju ríìmù tuntun lọ. Gbogbo ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni yóò máa wà, kì í sì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Bí òfin kíláàsì stock ṣe rí gan-an nìyẹn.

Òfin tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà ń wò ni ti SCCA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1944. Láti ọdún 2014, Street ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń pè ní Stock tẹ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni òfin náà ń wò lára ríìmù. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu. Ìkejì ni gíga: ó lè fi íǹṣì 1 ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ó sì lè fi íǹṣì 1 dín sí i. Ìkẹta ni offset, ìyẹn bí ojú ibi tí wọ́n ti ń de ríìmù mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn ríìmù náà. Ó lè fi mìlímítà 7 yàtọ̀, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Mazda MX-5 ti ìsinsìnyí ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ríìmù íǹṣì 17, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7, offset rẹ̀ sì jẹ́ 45. Bí a bá tẹ̀ lé òfin yìí, ríìmù íǹṣì 16, 17 tàbí 18 tọ́, bí fífẹ̀ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ 7, tí offset rẹ̀ sì wà láàárín 38 sí 52. Ríìmù tó fẹ̀ ní 7.5 ti kọjá òfin, bó ti wù kó rẹwà tó.

Èwo ló wá dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń wà lára 18, nítorí pé ó ń kún ojú. Lórí ilẹ̀ kónù, èyí tó kéré ló sábà máa ń ṣoore. Ríìmù íǹṣì 16 sábà máa ń fúyẹ́, táyà rẹ̀ sì sábà máa ń dínwó. Táyà 205/45R17 ga ní nǹkan bí mìlímítà 616 lápapọ̀. 205/50R16 ga ní nǹkan bí 611. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, nítorí náà ọkọ̀ ò ní jókòó lọ́nà tó ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ríìmù tó kéré náà kò ní fara kan bíréèkì, pàápàá bí bíréèkì ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó tóbi. Ẹ tún wò ó bóyá iye ihò nọ́ọ̀tì àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra bá ti ọkọ̀ yín mu.

Ó ku táyà, ibẹ̀ sì ni àkókò ti ń dín kù jù. Lára táyà, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ treadwear pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Nínú òfin Street, nọ́ńbà náà kò gbọ́dọ̀ dín ní 200. Bó bá ṣe kéré tó ni rọ́bà náà sábà máa ń rọ̀ tó, tó sì ń di ilẹ̀ mú tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tètè jẹ. Orí ọ̀nà gbogboògbò ní agbègbè San Angelo ní Texas ni wọ́n ti ń dán an wò. Ọkọ̀ á máa yípo ọ̀nà kan tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 640, títí yóò fi rin kìlómítà tó lé ní 11,500, wọ́n á sì fi jíjẹ táyà náà wé ti táyà òṣùwọ̀n kan. Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń kọ nọ́ńbà náà sára ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí táyà méjì fi lè jọ jẹ́ 200, kí ọ̀kan sì di ilẹ̀ mú ju èkejì lọ dáadáa.

Kí nìdí tí wọ́n fi fi òfin yìí lélẹ̀? Títí di ọdún 2013, táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti pápá eré gan-an ni àwọn ògbóǹkangí ń lò nínú Stock. Owó gọbọi ni, kì í sì í pẹ́ jẹ tán. Ẹni tí kò lágbára láti máa ra òmíràn ti fìdí rẹmi kó tó wọ ọkọ̀. Òfin tuntun ò sọ gbogbo èèyàn di ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé lè bá ẹni tó lówó díje.

Àwọn táyà tó gbajúmọ̀ nínú àwọn onínọ́ńbà 200 ni Bridgestone Potenza RE-71RS, Yokohama Advan A052, Falken Azenis RT660 àti Hankook Ventus RS4. Bó bá jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ má kánjú rà wọ́n. Ẹ fi táyà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín kọ́ eré ná. Táyà tó dára jù ò lè kọ́ ojú bí wọ́n ṣe ń wo kónù tó wà níwájú.

Ojú ọjọ́ Calgary náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òwúrọ̀ lè tutù dé 5°C, kí ọ̀sán sì di 25°C. Gèéjì táyà máa ń fi nǹkan bí psi 1 lọ sókè fún nǹkan bí 5.5°C tí ooru bá fi pọ̀ sí i. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ ti lé ní psi 3 sí i lọ́sàn-án, ká má tíì sọ ti ooru eré fúnra rẹ̀. Ẹ mú ohun tí ẹ fi ń wọn gèéjì dání, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà òtútù, ẹ má fi táyà rírọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ nínú gáréèjì tí kò ní ooru. Òtútù líle lè mú kí rọ́bà wọn sán bí ẹ bá gbé wọn tàbí tẹ̀ wọ́n. Ní ti táyà yìnyín yín, ẹ lè wá nọ́ńbà treadwear lára rẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i. Kò ṣàìtọ́, torí pé òfin nọ́ńbà náà yọ táyà yìnyín sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ rántí ohun tí àwọn òbí wa mọ̀ láti Nàìjíríà nípa táyà tòkunbọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára ọ̀rọ̀ DOT. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Pátákó rẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀, kí rọ́bà náà sì ti gan. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú, ó sì lè ṣe yín léṣe.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka ti ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá sáré. Ẹ kọ nọ́ńbà ríìmù ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà èyí tí ẹ fẹ́ rà han àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tún ka ìwé adójútòfò ọkọ̀ yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san owó ohun tó bá bàjẹ́ níbi ìdíje.

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí tó sì pàdánù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti pàdánù. Ó lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì dín àkókò rẹ̀ kù. Ẹni tó fi ríìmù tí kò tọ́ borí, tí wọ́n wá fagi lé e, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀?