Oyè Ìṣàkóso Òwò àti Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Èwo ni Ṣíṣe?

Nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú Festac sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ilé wọn di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn. Lóde òní, a ń rí ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nínú àwọn ọmọ ibẹ̀. Ìbéèrè kan sì wà tí ó máa ń dà wọ́n láàmú: ṣé kí àwọn padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ni, tàbí kí àwọn tẹra mọ́ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò ni ohun tí oyè yìí ń kọ́ni. Ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti àkóso òṣìṣẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé àìgbédè àwọn tí ń fi owó dá òwò ni ó ń dí ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́, oyè náà lè là á lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ tàbí ọ̀gá burúkú ni ó ń sá fún, oyè kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí yóò ná an. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 2 yóò pàdánù owó oṣù 24, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbúrò tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn kò ní dẹ́kun jíjẹun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàápàá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ará Festac kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́ nítòsí wọn, tàbí ní National Open University, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè máa kàwé láti ilé, kí ó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Tayo Oviosu kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná, ó sì gba oyè ìṣàkóso òwò ní Stanford ní Amẹ́ríkà kí ó tó dá Paga sílẹ̀ ní 2009. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni Shola Akinlade kọ́ ní Yunifásítì Babcock. Láti inú iṣẹ́ náà ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ti dá Paystack sílẹ̀ ní 2015. Ní 2020, Stripe ra ilé-iṣẹ́ náà ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Iṣẹ́ kan náà, ìyẹn sísan àti gbígba owó, ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń ṣe. Bí a bá sì dé ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ ni ó jẹ́ pé sísin ọ̀gá ni wọ́n fi kọ́ òwò.

Kí ọ̀dọ́ tó san owó, kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ máa ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọdún 5 sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, kí ó dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn àti owó ni ó fẹ́ máa darí, kí ó lọ. Ẹni tí kò bá tíì lè kọ ọ́, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná.