Gọ́tà Kí Òjò Tó Dé

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kí òjò tó rọ̀ dunlẹ̀, ni ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò máa ń dí ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko l'Ékòó. Onílé àti ayálégbé á gbé ṣọ́bìrì, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀sà ò sì jìnnà. Bí gọ́tà bá dí, inú yàrá ni omi ń wọ̀.

Òfin ìjọba Èkó ti ọdún 2008 fún àwọn ẹgbẹ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà kan, tipátipá ni ìmọ́tótó àyíká l'Ékòó. Láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn lójú títì, àṣà tó ti wà láti ayé ìjọba ológun Buhari. Ní 2015, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dájọ́ pé kò bófin mu láti sé èèyàn mọ́lé báyẹn. Ìjọba Èkó fagi lé ìsémọ́lé náà ní oṣù kọkànlá 2016. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àdúgbò níyì gan-an: ẹni tó bá jáde, ìfẹ́ ló mú un jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ náà wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an. Èyí tí wọ́n bá kó jọ sẹ́bàá gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e padà sínú rẹ̀.