Tọgbọ́ntọgbọ́n: Iṣẹ́ ni Ọ̀rọ̀ Yìí Ń Yìn

Ní Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń ṣọdún iṣu tuntun. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Àbújá á wálé, ìlù á máa dún, iṣu á sì di ohun àmúyangàn.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìkánjú wa iṣu tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Àgbẹ̀ á rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu lábẹ́ orí, á sì ṣọ́ra kó má ja gbòǹgbò. Á wá wa erùpẹ̀ bo orí tó kù. Orí yẹn ni yóò tún ta, tí yóò fún un ní èbù tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àgbà bá rí i nídìí ebè, ohun tí yóò sọ ni pé: “Ó wa iṣu náà tọgbọ́ntọgbọ́n.”

“Ti” àti “ọgbọ́n” la so pọ̀, tí a wá pè lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rí tayọ̀tayọ̀ àti tìbínútìbínú. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn.

Ìṣe ni tọgbọ́ntọgbọ́n ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ènìyàn. Ọlọ́gbọ́n lè bínú kó dájọ́ òdì; òmùgọ̀ sì lè dáhùn tọgbọ́ntọgbọ́n lọ́jọ́ kan. Kì í sì í ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló túmọ̀ sí, torí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé eré sísá ló bọ́gbọ́n mu.

Òun àti “fọgbọ́n” kò tilẹ̀ dọ́gba. “Ó fọgbọ́n gbowó ọwọ́ ìyá náà” lè jẹ́ jìbìtì. “Ó ná owó náà tọgbọ́ntọgbọ́n”? Ìyìn ni.

Ọmọ Ògìdì kan tí ayé mọ̀ lọ́rọ̀ yìí bá mu: Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà inú ẹbí rẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Nígbà tí àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá fún un, kò jẹ ẹ́ tán. Ní 1983, ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ògìdì pẹ̀lú. Bí a bá ní ó ná owó ọnà tọgbọ́ntọgbọ́n, àpọ́nlé ni, kì í ṣe àpọ́njù.