Alùpùpù Onígíláàsì àti Èyí Tí Kò Ní

Lásìkò ọyẹ́, ẹ wo àwọn ọlọ́kadà tó ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀ wá sí Ṣakí láàárọ̀ kùtù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ kóòtù ṣíwájú ṣẹ́yìn, kí atẹ́gùn má baà gba ojú bọ́tìnnì wọlé. Àwọn mìíràn ki páálí bọ abẹ́ ẹ̀wù. Gbogbo wọn ló ń wá ohun tí yóò dúró láàárín àyà wọn àti atẹ́gùn. Ṣé kí wọ́n kúkú de gíláàsì mọ́ iwájú alùpùpù ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ gbayawu bí wọ́n ṣe rà á?

Eré ni kí á kọ́kọ́ wò. Bí alùpùpù bá ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí, tí ó wá di 80, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti àyà ẹni kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé èrò nínú ìgboro láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ kì í fi í ka atẹ́gùn sí, nígbà tí ẹni tó gba ọ̀nà jíjìn máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà. Ọrùn ń ro ó, apá ń dùn ún, nítorí pé láti ibi tó ti gbéra ló ti ń di ọwọ́ alùpùpù mú kí atẹ́gùn má baà tì í sẹ́yìn. Gíláàsì gba ìyà yìí jẹ fún un. Àwọn tó ń rìn jìnnà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: lọ́dún 1976 ni BMW gbé alùpùpù R100RS jáde pẹ̀lú ìbòrí tó bo iwájú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Otútù ńkọ́? Àwọn àgbà ọlọ́kadà gbà pé atẹ́gùn òwúrọ̀ ló ń kó àìsàn sí àwọn láyà. Ọwọ́ ló ká mi lára jù ní tèmi. Ìka tí otútù bá ti mú kì í tètè fún bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ kì í kéde kó tó já sí títì. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó fẹ̀ dé iwájú ọwọ́ méjèèjì nìkan ló lè gba ìka sílẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, àyà nìkan ló ń bò.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn onígíláàsì jà ni ti ojú. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé nígbà tí gíláàsì ti wà níwájú, akoto lè máa rọ̀ sára ọwọ́ alùpùpù. Èsunsun tó ń fò nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò yóò gba orí gíláàsì kọjá sínú ẹyinjú. Bí ẹni náà bá ṣubú, gíláàsì kò ní gba orí rẹ̀ sílẹ̀. Akoto tó ní ìbòjú ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé e.

Kí gíláàsì ga ju ojú lọ tún léwu. Kò ní ohun tó ń nu òjò kúrò bíi ti mọ́tò, nítorí náà bí òjò bá dé, ẹni tó ń wo inú rẹ̀ kò ní rí kòtò. Ike kan tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ epo bẹntiróò ọ̀tá rẹ̀ ni. Èyí tó kán sí i lára nígbà tí wọ́n ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì á sọ ọ́ di funfun, á sì sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá tún fi àkísà gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, á ha. Lóru, iná tírélà tó ń bọ̀ á wá tàn káàkiri lójú àwọn ìlà wọ̀nyẹn, ọ̀nà á sì pòórá. Omi àti ọṣẹ tí kò le ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà wà níbẹ̀. Nínú eré ìje alùpùpù nígbà kan rí, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Moto Guzzi fi ìbòrí bo iwájú alùpùpù pátá títí kan táyà. Eré wọn pọ̀ sí i, àmọ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ a máa gbé wọn kúrò lọ́nà. FIM, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje náà lágbàáyé, fòfin dè é lẹ́yìn ìdíje ọdún 1957. Ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 100 sí 150 cc lọ fúyẹ́. Bí tírélà bá kọjá lára rẹ̀, gíláàsì ńlá á gba afẹ́fẹ́ yẹn sára. Èrò ẹ̀yìn kò sì jèrè púpọ̀, nítorí atẹ́gùn tó fo gíláàsì, ojú rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí.

Nítorí náà, mi ò rí ohun tí gíláàsì ń ṣe lórí ọ̀kadà ìgboro. Ooru ọ̀sán àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló wà níbẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ tó ń fẹ́ sí àyà ni ìtura tó kù. Fún ẹni tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, mo fara mọ́ gíláàsì kúkúrú, tí etí òkè rẹ̀ kò kọjá imú nígbà tó bá jókòó, kí ó lè máa wo ọ̀nà láti òkè rẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tó ṣeé yọ, bíi ti Road King tí Harley-Davidson gbé jáde lọ́dún 1994. Nọ́ọ̀tì ni kí wọ́n fi dè é, kí wẹ́dà má jó o pọ̀. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ mekáníìkì, kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó yí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀tún tán, kí ó tún yí i sí òsì tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá dédé ké sókè, irin gíláàsì ti há kébù tó ń mú eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i mọ́ nìyẹn, kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un dè.