Iṣẹ́ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ààlà Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Ìlú Kano

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń lo "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀" àti "sáyẹ́ǹsì" bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ìmọ̀ èyíkéyìí tí ènìyàn fi ara balẹ̀ kọ́ títí dé gbòǹgbò: babaláwo ní in, adájọ́ ní in, onímọ̀ èdè náà sì ní in. Ẹ̀ka kan péré ni sáyẹ́ǹsì jẹ́ lára rẹ̀. Irú ìbéèrè tí ó ń bèèrè àti ọ̀nà tí ó ń gbà wá ìdáhùn ni a fi ń dá a mọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ oògùn ní ìlú Kano ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè ya iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn iṣẹ́ tí ó fara pẹ́ ẹ.

Oògùn kan, ìbéèrè púpọ̀

Sabon Gari, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá jẹ́ "ìlú tuntun", ni àdúgbò tí àwọn Yorùbá, àwọn Ìgbò àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe ọmọ bíbí Kano ti ń gbé láti ayé ìjọba òyìnbó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà ńlá ibẹ̀ ni àwọn alárọ́bọ̀ ti ń ra oògùn òyìnbó lọ tà. Ẹ jẹ́ kí a mú ìgò oògùn kan ṣoṣo níbẹ̀, kí a wo àwọn tí ọwọ́ wọn kàn án. Onímọ̀ ẹ̀rọ bèèrè bí wọn yóò ṣe máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu tí kò fi ní bàjẹ́. Oníṣòwò bèèrè iye tí yóò tà á. Dókítà bèèrè ohun tí ó lè fi í ṣe fún aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ̀ lónìí. Ohun tí a ti mọ̀ ni ó ń lò. Oníṣègùn ìbílẹ̀ náà ń wá ìwòsàn fún ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ìmọ̀ tí ó jogún àti ìrírí ara rẹ̀ ni ó sì ń lò.

Ìbéèrè onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yàtọ̀: ṣé lóòótọ́ ni oògùn yìí ń ṣiṣẹ́, báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀?

Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣiṣẹ́

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń kíyè sí nǹkan, yóò dá àbá nípa ohun tí ó fà á, yóò sì wá ọ̀nà tí àbá náà fi lè já sí irọ́ bí irọ́ bá ni. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá mu oògùn tí wọ́n sì gbádùn, ìyẹn kò tíì fi hàn pé oògùn ni ó wò wọ́n sàn. Àwọn kan ìbá gbádùn láìmu ohunkóhun. Nítorí náà ni a fi ń pín àwọn aláìsàn tí ipò wọn jọra sí ọ̀nà méjì, tí a ń fún apá kan ní oògùn tuntun, apá kejì ní oògùn tí a ti mọ̀, tí a sì ń fi àbájáde wọn wéra. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ ìwádìí náà jáde kí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tún un ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996

Ní ọdún 1996, àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn jà ní Nàìjíríà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 10,000. Ní ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn àrùn tí ń ràn ní Kano, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ń fi oògùn chloramphenicol tọ́jú àwọn aláìsàn. Ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer náà wá sí ilé ìwòsàn kan náà, ṣùgbọ́n ìwádìí ni wọ́n bá wá. Wọ́n fún ọmọdé 100 ní oògùn tuntun tí ń jẹ́ Trovan, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní ceftriaxone. Ọmọ márùn-ún kú nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mẹ́fà kú nínú àwọn ti ìkejì.

Àwọn òbí sọ pé ìtọ́jú ni àwọn rò pé àwọn gbé ọmọ wá gbà, pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun gba ìyọ̀ǹda wọn lẹ́nu. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹjọ́ tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Ibi tí sáyẹ́ǹsì parí sí

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè méjì ni ó wà níbí. Èkíní ni pé: èwo nínú oògùn méjèèjì ni ó sàn jù? Sáyẹ́ǹsì ni ó ni ìyẹn. Ikú márùn-ún àti ikú mẹ́fà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kò tó láti fi sọ pé ọ̀kan burú ju èkejì lọ. Àwọn alátakò sọ pé ìwọ̀n ceftriaxone tí wọ́n lò kéré jù, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé ó tó. Iyàn tí sáyẹ́ǹsì lè já ni èyí náà, nítorí bí a bá dín agbára oògùn kejì kù, ìfiwéra kò gún régé mọ́.

Ìbéèrè kejì ni pé: ṣé ó tọ́ láti fi ọmọ yìí ṣe ìwádìí bí òbí rẹ̀ kò bá mọ̀? Kò sí iye ikú tàbí iye ìwòsàn tí ó lè dáhùn rẹ̀. Ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ nípa ìwà tí ó tọ́ ni ó ni ín. Bí gbogbo ọmọ igba náà bá tilẹ̀ yè, ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀. Lónìí, Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, béèrè fún ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ kí a tó fi ènìyàn ṣe ìwádìí.

Àṣìmú ìbéèrè méjèèjì ní àdánù. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Ìfura tí ọ̀rọ̀ Trovan dá sílẹ̀ wà lára ohun tí a sábà máa ń kà sí ìdí rẹ̀. Àrùn náà sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó kan àwa onímọ̀ èdè

Ọ̀pọ̀ yín ni yóò ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́jọ́ iwájú, bóyá fún ìyá Yorùbá kan tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Sabon Gari. Bí ẹ bá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ṣe "àyẹ̀wò" fún ọmọ náà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ wá àìsàn rẹ̀ kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní "ìtọ́jú", ẹ ti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda. Ẹ pè é ní "ìwádìí", kí ẹ sì sọ ìyókù fún un kedere: pé a kò tíì mọ̀ bóyá oògùn náà yóò ṣiṣẹ́, pé ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é, àti pé ó lè kọ̀.