Ta ló gbé Ọ̀fà sí Àríwá?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi íyàpíìsì sí etí kan péré, kí ẹ lè gbọ́ kọ̀ǹdọ́ nígbà tó bá pe ibi tí ẹ ó ti sọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, torí ó ti ń sú mi. Tí wọ́n bá bi mí l'Ékòó pé ìlú wo ni mo ti wá, màá ní Ojoku. Wọn kì í sábà mọ̀ ọ́n. Màá ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà ni. Ojú á wá là díẹ̀. Tí mo bá wá fi Ìpínlẹ̀ Kwara kún un báyìí, ó parí: "Háà, Kwara! Ṣé Haúsá lẹ̀ ń sọ nílé ni?"

Mi ò bá wọn jà. Fọ́ọ̀mù ìjọba gan-an ló dá a sílẹ̀. Nínú ẹkùn mẹ́fà tí wọ́n pín Nàìjíríà sí, Àríwá Àárín Gbùngbùn ni ọmọ Ojoku ń mú. Ọmọ Òkukù, tí ìlú rẹ̀ sí Ọ̀fà kò tó 30 kìlómítà, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ni tiẹ̀. Yorùbá làwa méjèèjì ń sọ, ọjà kan náà la jọ ń ná. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo ìpínlẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa tò sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Ojoku wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, pẹ̀lú Ẹ̀rín-Ilé, Ìpeé, Ìjàgbó, Ìrá àti àwọn mìíràn. Ìlemọnà ni olú ìlú rẹ̀. Ọ̀fà dá ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, òun sì ni ìlú ńlá tí gbogbo wa yí ká. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa: koríko pọ̀, igi fọ́nká, iṣu, àgbàdo àti ànàmọ́ ń ṣe dáadáa níbẹ̀. (Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ ànàmọ́ o. A ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.)

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni omi. Odò Ọ̀yun, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń ṣàn lọ sí apá àríwá, ó ń wọ inú odò Asa, Asa náà sì ń lọ bá odò Ọya. Odò Ọ̀tìn, ní apá Òkukù àti Ìkìrun, gúúsù ló ń lọ. Omi rẹ̀ a dé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun a sì gbé e dé ọ̀sà. Òjò kan náà lè rọ̀ sáàárín wa, kí apá kan gba ọ̀dọ̀ Ọya lọ, kí apá kejì forí lé ọ̀nà Èkó. Kwara tí wọ́n sì ń torí ẹ̀ bi mí bóyá mò ń sọ Haúsá, orúkọ tí Haúsá ń pe odò Ọya yìí náà ni. Ọya tí àwọn àgbà ní ìlú rẹ̀ ni Ìrá, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n odò kọ́ ló pààlà fún wa. Ogun ni.

Lẹ́yìn tí Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ Fúlàní, agbára wọn tàn kálẹ̀ dé Ọ̀fà àti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn dá wọn dúró ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà, àárín àwọn alágbára méjì ni ìlú tó wà lágbègbè wa há sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá a wá, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá, ní Ìkìrun. Àwọn tó ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn tó kún. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà, Jálumi, ti wá. Ọ̀fà wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Ìlọrin ò sì gbàgbé. Wọ́n dó ti Ọ̀fà fún ọdún mélòó kan, títí ìlú náà fi tú ní nǹkan bí 1887, tí àwọn èèyàn sì sá gba ọ̀nà Ìkìrun.

Ìgbà tí Gómìnà Carter ti Èkó dé ní 1893, ó bá ọmọ ogun Ìbàdàn ní apá Ìkìrun, ó bá ti Ìlọrin ní apá Ọ̀fà. Ó ní kí kálukú máa lọ sílé. Ní 1894, Ọ̀gágun Bower wá pààlà sáàárín wọn. Bower yìí náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé gogoro tó wà lórí Òkè Àrẹ n'Íbàdàn, tí ẹ ti máa ń ya fọ́tò. Ibi tí ogun dúró sí ló wò. Kò bi ẹnì kan ní Ojoku bóyá Yorùbá ni àbí kì í ṣe Yorùbá.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, kì bá má le tó báyìí. Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Nígbà tí Lugard dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, ó gba Ìlọrin pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ààlà ogun ṣe di ààlà Àríwá àti Gúúsù nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé àwa kọ́ la kó lọ sí Àríwá, Àríwá ló wá bá wa nílé.

Ìgbésí ayé ò tẹ̀ lé ààlà náà. Reluwé Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Ọ̀fà wà láàárín méjèèjì, ó sì di ìlú ọkọ̀ ojú irin. Láàárín 1950 sí 1960, Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group ń béèrè pé kí wọ́n dá Ìlọrin àti Kabba padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn olórí Àríwá kọ̀. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1957 sí 1958, ààlà ò kúrò lójú kan.

Ní 1967, Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. West Central ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Kwara. Ní 1991, wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Òkukù sì bá Ọ̀ṣun lọ. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wakọ̀ láti Ìkìrun gba Òkukù lọ sí Ọ̀fà lónìí, àgbègbè tí Carter ti bá ọmọ ogun ni ẹ ó ti rí pátákó tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Kwara" sí.

Tí ìlú tiyín náà bá wà létí irú ààlà báyìí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ká lè gbé e sí ètò tó ń bọ̀.