Ẹni Tí Ń Kì Wá, Ta Ni Yóò Kì Í? Ẹ̀fẹ̀ fún Ọjọ́ Ìbí Àwọn Olórin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bóyá ni a fi rí ẹni tí òwe yìí bá mu tó àwọn olórin. Bí ènìyàn bá gba Sangisa kọjá ní Kétu, ní àgbègbè Kosofe ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí, ohun tí yóò gbọ́ kò ní yàtọ̀ sí ti àdúgbò yòókù ní Èkó: olórin yóò máa ki ọlọ́jọ́ ìbí, yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, onígángan yóò sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Wọn yóò máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí olórin náà gan-an bá pé ọdún, ta ni yóò kì í? Ó sábà máa ń di ìgbà tí ó bá kú kí ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ dùn.

Láyé àtijọ́, Yorùbá kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́ ìbí. Orúkọ ni ó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Abíọ́dún ni ọmọ tí a bí lásìkò ọdún, Abíọ́nà ni èyí tí a bí sójú ọ̀nà. Ní ìdílé onílù, Àyàn ni ó ń ṣáájú orúkọ: Àyándélé, Àyánwálé, Àyánkúnlé. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí kò tíì lè di kọ̀ǹgọ́ mú ti gba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà kí ènìyàn máa ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí lọ́dọọdún bá ilé ìwé àti ìwé ìbí wọlé ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ohun tí kò bá òyìnbó wọlé ni ẹ̀fẹ̀. Kétu mìíràn wà ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, ìlú àtijọ́ tí òkìkí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹ̀ kàn débi pé àjọ UNESCO fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ara àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2001. Ní òru tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ yóò jáde, yóò júbà, yóò kọrin, yóò fi àwọn tí ó ṣe àṣìṣe láàárín ìlú dápàárá, yóò sì ṣàdúrà. Oríkì pàápàá kì í ṣe kìkì ìyìn. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i dáadáa yóò gbọ́ àwàdà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ewì apanilẹ́rìn-ín fún ọjọ́ ìbí olórin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú tiwọn. Ọmọ ilé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ni Edmund Clerihew Bentley nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà mẹ́rin mẹ́rin dápàárá sí àwọn ènìyàn ńlá inú ìtàn. Ní 1905 ni ó tẹ ìwé wọn jáde, orúkọ àárín rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe irú ewì bẹ́ẹ̀ títí di òní. Orúkọ ẹni tí wọ́n ń bú ní búburẹ́rìn-ín ni ó máa ń parí ìlà kìn-ín-ní, ìlà kejì yóò sì dún bí i rẹ̀. Ewì Yorùbá kò gbára lé ìparí ìlà tí ó dún bákan náà. Ohùn ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ orúkọ ni ó fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1905 kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ni a bí Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí ó tẹ dùrù ní gbọ̀ngàn Kingsway ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kọ African Suite ní 1944. Ẹni tí ó bá ti rí atẹdùrù rí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lè kì í báyìí:

Ìbà Ṣówándé, ọ̀gá atẹdùrù,
Ọwọ́ ń sáré lókè, ẹsẹ̀ ń sáré nísàlẹ̀,
Bí ẹni tí ajá ń lé, kò sì kúrò lójú kan.
Ó rin ìrìn àjò dé òkè òkun, orí ìjókòó ló wà!

Akẹ́kọ̀ọ́ orin lè yára sọ pé 1685 ni a bí Bach àti Handel. Mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé ọdún kan náà, 1935, ni a bí Akin Euba àti Ayọ̀ Báńkọ́lé? Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ni ti Euba, ẹni tí ó fẹ́ kí dùrù òyìnbó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù ilẹ̀ wa. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ni ti Báńkọ́lé, olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, tí ó kú ní 1976 lẹ́ni ọdún 41. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó ewì:

Báńkọ́lé kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Orin ló kọ, orin náà la kó wọ̀.
Òjò rọ̀ títí, ilé náà kò jò;
Bíríkì kan kò kọ̀ láti bá a kọ ọ́.

Kọ́, kọ, kọ̀: ohùn mẹ́ta ni ó gbé ẹ̀rín náà. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, ẹ̀rín ti tán.

Ti àwọn tí ó wà láàyè ni ó dùn jù, nítorí wọn yóò gbọ́ ọ. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, 1946 ni a bí King Sunny Adé:

Ọba gbogbo a máa jókòó, kí ìlú ó máa jó;
Ọba onígìtá ló ń jó, ìlú ló jókòó ń wò ó.
Adé ń bẹ lórúkọ, ìtẹ́ ń bẹ láàfin,
Bàtà ijó ni kò jẹ́ kí kábíyèsí ráyè jókòó!

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ní òfin. Ọmọdé kì í dédé bú àgbà ní búburẹ́rìn-ín. Ìbà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jú. Iṣẹ́ ọwọ́ olórin ni a ń fi ṣẹ̀fẹ̀, kì í ṣe àbùkù ara rẹ̀ tàbí ìbànújẹ́ ilé rẹ̀. Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àdúrà ẹ̀mí gígùn sì ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni náà bá wà láàyè.

Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ fún ilé ìwé kò kéré. Kò sí ẹni tí ó lè dápàárá sí ohun tí kò mọ̀. Bí olùkọ́ bá yan olórin kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò ní láti wá ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohun èlò orin rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ṣe, kí wọ́n tó lè rí ìlà mẹ́rin kọ. Ẹ̀rín ni wọn yóò máa rín, ìtàn ni yóò máa wọ̀ wọ́n lára. A ti rí ohun tí ọjọ́ ìbí lè ṣe: láti 1998 ni wọ́n ti ń fi àjọ̀dún Felabration rántí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní àsìkò ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá tí a bí i. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti kọjá lẹ́yìn ikú Fẹlá kí àjọ̀dún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ní Sátidé tí ń bọ̀, ní Sangisa tàbí níbikíbi tí àtíbàbà bá wà, nígbà tí olórin bá ki gbogbo ènìyàn tán, tí ó jókòó láti mu omi, kí ẹnìkan sún mọ́ ọn, kí ó sì bi í léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?”